Bí ọlọ́pàá bá fìyà jẹ yín ní Niamey, ta lẹ lè fẹjọ́ sùn?

Òǹtajà kan ń bọ̀ láti ọjà ńlá Niamey ní àṣálẹ́. Àwọn agbófinró dá a dúró, wọ́n béèrè ìwé ìgbélùú rẹ̀, ó sì fà á yọ. Wọ́n ní ìwé náà kò pé. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìgbájú ìgbámú. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí owó ti kúrò lápò rẹ̀ láìsí rìsíìtì kankan.

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé nílùú tí kì í ṣe tirẹ̀ rí mọ ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀: ta ni èèyàn fẹ́ fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn, nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá náà la máa ń fẹjọ́ sùn?

Ìdáhùn kan wà fún ìbéèrè yìí ní orílẹ̀-èdè Niger, kò sì ṣòro láti rántí: ilé ẹjọ́ ni ẹ ó gbà lọ, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà náà ní ẹsẹẹsẹ, ohun tó yẹ kí ẹ kó jọ kí ẹ tó lọ, àti ibi tó kù láti yà sí bí ilé ẹjọ́ kò bá dáhùn.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì báyìí?

Ìwà ipá agbófinró kì í ṣe ohun tuntun ní Niamey. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 1990, àwọn agbófinró yìnbọn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó ń fẹ̀hónú hàn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba orí afárá Kennedy kọjá Odò Ọya wọ àárín ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló kú. Ìbínú tó tẹ̀lé ikú wọn wà lára ohun tó fa àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè tó wáyé lọ́dún 1991, èyí tó la ọ̀nà fún ìṣèlú ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún kú lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Abdou Moumouni kọlu ara wọn. Fídíò kan gba orí ayélujára lẹ́yìn náà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń lu akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àlùbami nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n mú àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú fídíò ọ̀hún, wọ́n sì fojú balé ẹjọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí ló máa ń jẹ́ kí ẹjọ́ agbófinró lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Láti ọdún 2023, àwọn ọ̀nà kan tí aráàlú máa ń tọ̀ ti dí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Niger ti ọdún 2010 ló gbé àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CNDH, òfin kan ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2012 sì la iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Aráàlú lè gbé ẹ̀sùn tọ̀ ọ́ lọ láìgba agbẹjọ́rò. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ológun tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani ṣíwájú wọn gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum, wọ́n sì dá ìwé òfin náà dúró. Ìpìlẹ̀ tí àjọ ọ̀hún dúró lé yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2025, ìjọba ológun gbé ìwé ìlànà tuntun jáde láti fi darí orílẹ̀-èdè náà fún ọdún márùn-ún.

Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ̀lé àlàyé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè rìnrìn àjò asán. Ohun tí kò yí padà ni pé òfin ìwà ọ̀daràn àti òfin ìgbẹ́jọ́ ṣì wà nílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ń jókòó.

Ìwà wo ni òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí agbófinró bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ líle ni ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dá yín dúró, láti béèrè ìwé ìdánimọ̀, àti láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni lílu ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀, gbígba owó láìfún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí, gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá láìkọ ọ́ sílẹ̀, tàbí títi èèyàn mọ́lé kọjá àkókò tí òfin là kalẹ̀.

Ní Niger, wákàtí 48 ni ọlọ́pàá lè fi ẹni tí wọ́n fura sí sí àtìmọ́lé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wákàtí 48 mìíràn kún un, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí nìkan ló ní àkókò tirẹ̀ tó gùn ju èyí lọ.

Ní ti ìdálóró, Niger fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó tako o lọ́dún 1998. Lọ́dún 2020 ni wọ́n wá fi ìdálóró sínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀sùn ìlùnilálùbolẹ̀ lásán ni wọ́n lè fi kan agbófinró tó bá dá èèyàn lóró.

Ta ló dá yín dúró gan-an?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ìjọba kọ́ ni ọlọ́pàá. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Garde nationale wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Àwọn gendarmerie ní tiwọn jẹ́ ológun, abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò ni wọ́n sì wà. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ọ̀gá tí kì í ṣe ọ̀gá wọn, ìwé yín lè sùn sórí tábìlì.

Ẹ wo àwọ̀ aṣọ wọn, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn, àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ agbófinró ọ̀hún, òfin kò ní kí ẹ má fẹjọ́ sùn. Ẹ lè kọ̀wé tako ẹni tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwádìí wá a rí.

Kí lẹ gbọ́dọ̀ ṣe ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni dókítà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí ojú ọgbẹ́ tó jiná, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n ń pè ní certificat médical. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ gbogbo ọgbẹ́ tó rí sínú rẹ̀, kí ó sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Iye ọjọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rárá, nítorí pé òun wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ fi ń díwọ̀n bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wúwo tó.

Ohun kejì ni ìwé àti gègé. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, wákàtí, àdúgbò, àgọ́ tí wọ́n mú yín lọ, ohun tí wọ́n sọ, iye owó tí wọ́n gbà. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkàn á ti máa fi àbá dípò ohun tójú rí.

Ohun kẹta ni ẹlẹ́rìí. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọlọ́kadà tàbí alátẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ tọ́jú aṣọ tó ya tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kàn, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́.

Ẹ má sì ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lóye. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ béèrè ògbufọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà kí ọ̀rọ̀ parí lè rí i pé ìwé yẹn náà ni wọ́n máa fi ta ko òun lọ́la.

Ta ni procureur, báwo lẹ sì ṣe lè kọ̀wé sí i?

Àwọn tó ti Nàìjíríà wá mọ̀ pé ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn sí nílé. Ètò tí Niger jogún lọ́wọ́ Faransé yàtọ̀. Níbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n ń pè ní procureur de la République ló ń darí ìwádìí ọ̀ràn, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ sì ni ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí wà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ kọ̀wé sí nígbà tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá náà ni ẹ̀sùn dá lé. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Tribunal de Grande Instance ní Niamey.

Lẹ́tà lásán ni ìwé ẹ̀sùn yìí. Kò pọn dandan kí agbẹjọ́rò bá yín kọ ọ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

Orúkọ yín, iṣẹ́ yín, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Orúkọ agbófinró náà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, tàbí àpèjúwe rẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó ti wá.

Orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀dà ìwé dókítà, àwòrán ọgbẹ́, àti ẹ̀rí mìíràn tó bá wà. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí èyí tó jẹ́ ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Gbólóhùn kan tó sọ kedere pé ẹ ń fẹjọ́ sùn, pé ẹ sì ń fẹ́ kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èdè Faransé ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí àti ohun tí wọ́n ṣe sí yín, ẹ má ṣe fi àbùmọ́ kún un, nítorí pé ẹ̀sùn èké fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ẹjọ́ á gbọ́ ti agbófinró náà, ọ̀rọ̀ tí kò ní àbùmọ́ ló sì máa dúró nígbà náà.

Ẹ tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì. Nígbà tí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ bẹ akọ̀wé kí ó lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì fún yín. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ ti fẹjọ́ sùn. Láìsí i, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ìwé yín sọnù tàbí ẹ kò mú un wá rárá.

Ẹ tún lè fi ẹ̀sùn tako ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn gendarmerie, nítorí pé àwọn náà ní agbára láti ṣèwádìí ọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ procureur kan náà ni ìwé ìwádìí wọn ń lọ.

Bí procureur kò bá ṣe ohunkóhun ńkọ́?

Procureur ló ń pinnu bóyá ẹjọ́ á lọ síwájú tàbí kò ní lọ. Bó bá pa ìwé náà tì, ọ̀nà kejì wà. Ẹni tí ìyà náà jẹ fúnra rẹ̀ lè lọ bá adájọ́ olùwádìí, tí wọ́n ń pè ní juge d'instruction, kí ó sọ pé òun fẹ́ jẹ́ olùpẹjọ́ tó ń béèrè owó gbà-má-bínú. Èdè Faransé ń pe èyí ní constitution de partie civile. Agbára rẹ̀ wà nínú pé ó lè mú kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ bí procureur kò tilẹ̀ fẹ́.

Adájọ́ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kan sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́, ibí yìí sì ni agbẹjọ́rò ti wúlò jù. Fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, òfin kan tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011 dá àjọ ìrànwọ́ òfin kan sílẹ̀ ní Niger, ANAJJ, láti ran aláìní lọ́wọ́ lórí ìmọ̀ràn òfin àti owó ẹjọ́. Ẹ béèrè ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé ẹjọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bẹ iṣẹ́ àwọn agbófinró wò ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí wọ́n ń pè ní Inspection générale des services de sécurité. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjìyà iṣẹ́ ni ìwé yìí lè mú wá, bíi ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè fún yín lówó gbà-má-bínú, kò sì lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi í rọ́pò ìwé tó ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ fi í kún un.

Ṣé àjèjì lè fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ náà kàn gan-an ni òfin ìgbẹ́jọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbà-má-bínú, kò sì ní dandan kí ó jẹ́ ọmọ Niger. Síbẹ̀, ẹ̀rù máa ń ba àjèjì, pàápàá ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́. Bí ọ̀rọ̀ yín bá rí báyìí, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹjọ́.

Ẹ̀tọ́ méjì wà tí àwọn èèyàn wa kì í sábà rántí. Èkíní ni ti agbẹjọ́rò. Ìlànà kan tí àjọ UEMOA gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014 sọ pé agbẹjọ́rò lè wà pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti mú un, ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ti gendarmerie. Niger kúrò nínú àjọ ECOWAS, àmọ́ kò kúrò nínú UEMOA. Ìlànà yìí kan náà ló wà fún Benin, Togo, Burkina Faso, Mali, Senegal, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau.

Èkejì ni ti aṣojú orílẹ̀-èdè yín. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 sọ pé àjèjì tí wọ́n bá mú lè béèrè kí wọ́n fi tó iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Nàìjíríà àti Benin ní aṣojú ní Niamey. Aṣojú kò lè gba ẹjọ́ dá, àmọ́ ó lè bẹ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé wò, kí ó sì bá a wá agbẹjọ́rò.

Ṣé ó yẹ kí ẹ gbé e sórí Facebook?

Fídíò ọdún 2017 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí ayélujára ni ilé ẹjọ́ tó yá jù. Àmọ́ nǹkan ti yí padà. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, ìjọba ológun Niger dá ìjìyà ẹ̀wọ̀n padà fún ẹni tó bá bani lórúkọ jẹ́ tàbí tó bú èèyàn lórí ayélujára, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ di owó ìtanràn lọ́dún 2022. Ẹni tó wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ sórí Facebook lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Bí fídíò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ kún ìwé ẹ̀sùn. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ adájọ́ wúlò ju èyí tó wà lójú gbogbo ayé lọ.

Bí gbogbo ọ̀nà abẹ́lé bá dí ńkọ́?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ẹjọ́ ECOWAS ni àwọn aráàlú máa ń sá lọ. Ibẹ̀ ni Hadijatou Mani, obìnrin tí wọ́n tà sóko ẹrú ní Niger nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, ti pe orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ wá jókòó ní Niamey fúnra wọn láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 2008, wọ́n ní kí Niger san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó CFA fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọlọ́pàá, àmọ́ ó fi hàn pé mẹ̀kúnnù lè pe ìjọba lẹ́jọ́, kí ó sì jàre.

Ọ̀nà yẹn ti dí fún ìwà tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí. Niger kúrò nínú ECOWAS pátápátá ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Kódà kí ó tó kúrò, nígbà tí ilé ẹjọ́ náà pàṣẹ ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023 pé kí wọ́n tú Bazoum sílẹ̀, ìjọba kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni àjọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ti àwọn ènìyàn, tó wà ní Banjul ní Gambia. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí i. Àmọ́ ó máa ń béèrè pé kí ẹ ti kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo ọ̀nà abẹ́lé ná, tàbí kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Ibí yìí ni ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ti ń padà wúlò: òun ló ń fi hàn pé ẹ kàn ilẹ̀kùn, wọn kò sì ṣí i.

Báwo ni ti Nàìjíríà àti Benin ṣe rí?

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀: ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, PSC, àti àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, tó ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ti ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí ní ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn tí ìyà jẹ ní owó gbà-má-bínú tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà.

Ní Benin, àwọn ará Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà kan tí kò sí ní Niger: aráàlú lè kọ̀wé tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, Cour constitutionnelle, pé agbófinró ti tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀.

Ibi yòówù kí ẹ wà, nǹkan mẹ́rin ló máa ń gbé ẹjọ́ dúró: ìwé dókítà, àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, ẹlẹ́rìí, àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń fẹ́ ìyára. Ìkẹrin ń fẹ́ kí ẹ má ṣe kúrò níwájú akọ̀wé kí òǹtẹ̀ tó kan bébà.